Ohun Tí Ojú Jagunjagun Rí: Kúkọ̀mí Nínú Ìwé Johnson, àti Fádóyèbọ̀ Nínú Ìwé Ara Rẹ̀

Ẹni tí ó bá ṣí ìwé ìtàn Yorùbá tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ, tí kò sì fo ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀ kọjá, yóò bá orúkọ ọkùnrin kan pàdé níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ olùkàwé kì í dúró wò. Johnson ń sọ ibi tí ó ti rí ìtàn tí ó kọ. Ó mẹ́nu kan àwọn arọ́kin Ọ̀yọ́. Ó dárúkọ Lágùnjú, Tìmì Ẹdẹ, ẹni tí gbogbo ilẹ̀ yìí mọ̀ sí òpìtàn pàtàkì. Ó dárúkọ Josiah Òní, oníṣòwò tí kò bẹ̀rù ọ̀nà jíjìn. Láàárín àwọn wọ̀nyí ni ó ti dárúkọ David Kúkọ̀mí, bàbá àgbà ìjọ Ìbàdàn, ẹni tí ó bí Àlùfáà R. S. Oyèbọ̀dé. Kúkọ̀mí kì í ṣe ọba, kì í ṣe ìjòyè, kì í sì í ṣe arọ́kin. Johnson sọ ọ́ kedere pé ọmọ ogun lásán ni, ọ̀kan nínú àwọn tí a ń kó lọ sí ojú ìjà, tí ó bá ogun àti rògbòdìyàn ìgbà rẹ̀ rìn. Johnson kò tilẹ̀ mọ̀ bóyá kí òun pe èyíinì ní ire tàbí ibi fún un.

Bí a bá ka orúkọ náà bí ó ti dún létí wa, ikú kọ ẹni náà sílẹ̀. Irú orúkọ tí a ń fún ọmọ tí a ń bẹ̀rù pé kò ní dúró ni. Ọmọ náà dúró, ó lọ sí ogun, ogun náà kọ̀ ọ́, ó dàgbà, ó gba Jésù gbọ́, ó sì di ẹni tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú ìjọ rẹ̀ ń wá bi léèrè ọ̀rọ̀ àtijọ́.

Láti ìgbà tí a ti wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ni a ti ń bi ara wa léèrè pé: mélòó nínú ìwé ńlá yìí ni ó ti ẹnu Kúkọ̀mí jáde? Kí ni Johnson bi í? Kí ni bàbá náà sì wí gan-an, ní ọ̀rọ̀ ẹnu ara rẹ̀? Nínú ìwé kékeré yìí a fẹ́ yẹ ìbéèrè náà wò, kí a sì gbé ìwé mìíràn kalẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ti Johnson, èyí tí jagunjagun kan láti Èmùrè-Ilé, lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ nípa ogun Hítílà. A kò ṣe é fún àríwísí lásán. Àwọn tí ó jagun ń bẹ nínú ìjọ wa títí di òní, orí ìjókòó ẹ̀yìn ni wọ́n máa ń wà, iye wọn sì ń dín kù lọ́dọọdún.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo iye ọdún. Johnson sọ pé ọ̀dọ́mọkùnrin ni Kúkọ̀mí ní ìgbà Aláàfin Abíọ́dún. Àwọn onímọ̀ ìtàn ti gbà pé ní ọdún 1789 ni Abíọ́dún wàjà. Johnson fúnra rẹ̀, Hastings ní ilẹ̀ Sàró ni a bí i sí ní 1846. Ọmọdé ni nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ bá Hinderer wá sí Ìbàdàn ní nǹkan bí 1858. Bí Kúkọ̀mí bá jẹ́ ẹni ogún ọdún péré ní ọdún tí Abíọ́dún wàjà, ó kù díẹ̀ kí ó pé àádọ́rùn-ún ọdún nígbà tí ọmọ náà dé Ìbàdàn. Nígbà tí ọmọ náà yóò sì fi di géńdé tí ó lè jókòó ti àgbà láti bi í ní ìbéèrè, bàbá náà ti sún mọ́ ọgọ́rùn-ún ọdún. Ọlọ́run a máa fún ènìyàn ní ẹ̀mí gígùn, a kò sẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ bí àwọn àgbà wa ti ń sọ̀rọ̀ yóò rí ohun mìíràn níhìn-ín. Ìgbà Abíọ́dún ni àwọn baba wa máa ń pè ní ìgbà àlàáfíà àti ọ̀pọ̀, bí ẹni ń sọ pé nígbà tí ayé ṣì dára. Ó ṣeé ṣe kí Kúkọ̀mí máa sọ̀rọ̀ ìgbà náà bí àwọn òbí rẹ̀ ti sọ ọ́ fún un, kí Johnson sì gbọ́ ọ bí ẹni pé ojú rẹ̀ ni ó rí i. Ó sì tún ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé òótọ́ ni, pé bàbá náà ti gbó tó bẹ́ẹ̀. Àwa kò lè dá ẹjọ́ náà, nítorí pé ìwé kò fi ohun tí a lè fi dá a sílẹ̀ fún wa.

Èyí ni ẹ̀sùn wa gan-an. Èdè Yorùbá kì í jẹ́ kí ẹlẹ́rìí fara pamọ́. Ẹni tí ó bá rí nǹkan yóò wí pé ó ṣojú òun. Bí ó bá sì fẹ́ kí a gbà á gbọ́ pátápátá, yóò wí pé ó ṣojú òun kòró. Ẹni tí ó gbọ́ ọ yóò wí pé wọ́n ní, tàbí pé a gbọ́ pé. Ẹni tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ fún yóò wí pé bàbá mi a máa sọ ọ́ pé. Àgbàlagbà kan kò lè sọ ìtàn fún ìdajì wákàtí láìlo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, a kì í sì í kọ́ ọ; bí ó ti ń mí ni ó ń ṣe é. Nígbà tí Johnson gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, tí ó sì tò ó bí ìtàn àwọn ará Gíríìkì àti Róòmù tí a fi kọ́ ọ ní ilé ẹ̀kọ́, ohun tí ó ṣojú ẹni, ohun tí a gbọ́, àti ohun tí bàbá sọ fún ọmọ di ohùn kan ṣoṣo. Ogun bẹ̀rẹ̀, ogun parí, Ọ̀yọ́ ṣẹ́gun, Ìlọrin ṣẹ́gun. Ta ni ó rí i? Ìwé kò sọ.

Síbẹ̀ àwọn ibì kan wà tí ohùn ọmọ ogun lásán yọ jáde, bí ẹni pé ó ti abẹ́ ilẹ̀kùn gbà. Ẹ wo orúkọ àwọn ogun náà. Lẹ́yìn ikú Àfọ̀njá, nígbà tí àwọn Ọ̀yọ́ ń gbìyànjú láti gba Ìlọrin padà, ogun kan wà tí wọ́n pè ní Mugbámugbá. Johnson ṣàlàyé rẹ̀: àkókò tí èso igbá pọ́n ni, igi tí a ń fi hóró rẹ̀ ṣe irú. Oko ti tán, àgbàdo kò sí mọ́, àwọn tí ó dó ti ìlú àti àwọn tí wọ́n dó tì sì ń jẹ èso igbá kí ebi má ba à pa wọ́n. Ọba kan kò lè fún ogun ní irú orúkọ bẹ́ẹ̀. Balógun tí ó ní ìyàwó mẹ́wàá tí ń se oúnjẹ fún un ní bùdó kò lè rántí ogun nípa èso igbá. Ẹni tí ebi pa ni ó sọ ogun náà ní orúkọ, tí ìyẹ̀fun èso náà lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Bákan náà ni Kírìjì, ogun àwọn Èkìtìparapọ̀ àti Ìbàdàn tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, tí a kò sì tú bùdó rẹ̀ ká títí di 1893: ìró ìbọn ńlá ni orúkọ náà, bí ó ti dún ní etí àwọn tí ó dọ̀bálẹ̀ nígbà tí ó ń dún. Àwọn ìjọba kọ ìwé àdéhùn wọn ní 1886, wọ́n sì pe ogun náà ní orúkọ tí ó wù wọ́n. Orúkọ tí a rántí ni ti àwọn tí etí wọn di.

Ṣé Kúkọ̀mí ni ó sọ ti Mugbámugbá fún Johnson? Bí a bá ní kí a fi ojú inú wò ó, a ó wí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ogun náà bọ́ sí àkókò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú inú kì í ṣe ẹ̀rí. Òǹkọ̀wé ti dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá náà ní ìbẹ̀rẹ̀ ìwé, láti ibẹ̀ lọ kò sì jẹ́ kí a tún gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́. Ó dà bí ẹni tí ó pe àlejò wọlé, tí ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ ní ẹnu ọ̀nà, tí kò sì tún yíjú sí i títí a fi gbé oúnjẹ kúrò nílẹ̀.

A gbọ́dọ̀ ṣe ìdájọ́ òdodo fún Johnson. Kò sí ẹ̀rọ tí ń gba ohùn sílẹ̀ ní ọwọ́ rẹ̀. Iṣẹ́ ìjọ ni ó ń ṣe. Àárín ogun ni ó ń gbé. Òun fúnra rẹ̀ pẹ̀lú Charles Phillips ni a rán lọ rán bọ̀ láàárín àwọn bùdó kí Kírìjì tó rọlẹ̀. Ìwé tí ó parí ní 1897 kọ́ ni a sì ní lọ́wọ́. Èyíinì lọ sí ìlú òyìnbó kí a lè tẹ̀ ẹ́, ó sì sọnù sí ọwọ́ àwọn tí a fi í lé lọ́wọ́. Johnson kú ní 1901. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, kó àwọn ìwé kéékèèké àti àkọsílẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sílẹ̀ jọ, ó sì tún gbogbo rẹ̀ kọ. Nígbà tí ó fi ránṣẹ́ ní 1916, ọkọ̀ Appam tí ó gbé e ni àwọn ará Jámánì mú lórí òkun, wọ́n sì wà á lọ sí Amẹ́ríkà. Ní 1921 ni ìwé náà tó jáde. Obadiah sì ti kú ní ọdún tí ó ṣáájú. Nítorí náà kò sí ẹni tí ó lè búra pé ohùn Kúkọ̀mí kò sí nínú ìwé àkọ́kọ́. Ó lè jẹ́ pé inú àpótí kan ní Lọ́ńdọ̀nù ni ó ti jẹrà. Èyí mú ọkàn wa rọ̀ sí òǹkọ̀wé, ṣùgbọ́n kò mú kí ohùn náà padà wá.

Ní báyìí ẹ jẹ́ kí a wo ọmọ ogun tí kò dúró de àlùfáà tàbí akọ̀wé. Isaac Fádóyèbọ̀, ọmọ Èmùrè-Ilé, jẹ́ ẹni ọdún 16 nígbà tí ó wọṣẹ́ ológun ní Abẹ́òkúta ní ìbẹ̀rẹ̀ 1942. A kò fi í sí ìdí ìbọn. Iṣẹ́ olùtọ́jú aláìsàn ni wọ́n kọ́ ọ. A kó o lọ sí Sàró, láti ibẹ̀ lọ sí Íńdíà, ó sì bá ẹgbẹ́ ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí a fún ní nọ́ńbà 81 wọ Bọ́mà, ní àfonífojì odò Kaladan, níbi tí kò sí ọ̀nà ọkọ̀, tí ọkọ̀ òfuurufú ń ju oúnjẹ sílẹ̀ fún wọn, tí àwọn ènìyàn wa sì ń fi orí ru ẹrù nínú igbó bí ẹni ń lọ sí ọjà. Ní ọjọ́ kejì oṣù March 1944 àwọn ará Japáànì yọ sí wọn ní etí odò. Ìbọn fọ́ ẹsẹ̀ Fádóyèbọ̀; ó tún gba ọgbẹ́ ní ẹ̀gbẹ́. Àwọn tí ó lè sá sá. Ó kù ní ibẹ̀ pẹ̀lú ọmọ Sàró kan, David Kagbo, òun náà gbọgbẹ́, àwọn yòókù tí ó ṣubú sì ń kú lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án ni wọ́n fi wà ní àárín ọ̀tá. Àgbẹ̀ kan ní abúlé náà, Mùsùlùmí tí a ń pè ní Shuyiman, ni ó ń gbé oúnjẹ wá fún wọn tí ó sì fi wọ́n pamọ́, bí ó tilẹ̀ mọ̀ pé bí àwọn ará Japáànì bá mọ̀, òun àti ìdílé rẹ̀ yóò fi ẹ̀mí wọn san án. Ní oṣù December ni àwọn ọmọ ogun Gúrkà dé tí wọ́n sì kó wọn jáde.

Fádóyèbọ̀ padà sílé, ó ń tiro títí ó fi kú ní 2012. Ó ṣe iṣẹ́ ìjọba, ó tọ́ ọmọ, ó fẹ̀yìn tì. Ṣùgbọ́n ó kọ ìtàn rẹ̀ sílẹ̀. Ní 1999 ni a tẹ̀ ẹ́ jáde ní Madison, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, lábẹ́ àbójútó onímọ̀ ìtàn David Killingray, pẹ̀lú àkọlé A Stroke of Unbelievable Luck. Ní 2011 akọ̀ròyìn òyìnbó kan, Barnaby Phillips, gba lẹ́tà lọ́wọ́ bàbá náà, ó gbé e lọ sí ilẹ̀ Arakan, ó sì rí ìdílé Shuyiman. Shuyiman ti kú. Àwọn ọmọ rẹ̀ ni ó gbọ́ ìdúpẹ́ tí ó pẹ́ ní ọdún 67. Phillips kọ ìwé tirẹ̀ jáde ní 2014. Ní 2017 ogun àti inúnibíni lé ju 700,000 nínú àwọn ènìyàn Shuyiman, tí a ń pè ní Rohingya, kúrò ní ilẹ̀ náà lọ sí Bangladesh. Bí ìwé ọmọ Èmùrè-Ilé yìí kò bá sí, ta ni nínú wa ni ì bá mọ̀ pé a jẹ àwọn ènìyàn wọ̀nyí ní gbèsè?

Ohun tí a yìn jù lọ nínú ìwé Fádóyèbọ̀ ni pé kò fi ara rẹ̀ ṣe ọ̀gágun. Ẹni tí ó dùbúlẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ tí ó fọ́ kò lè rí ju ibi tí ojú rẹ̀ dé lọ, òun náà kò sì díbọ́n pé òun rí i. Ó rí ìwọ̀n iyẹ̀pẹ̀ tí ó wà ní iwájú rẹ̀. Ó rí ẹni tí ń bọ̀ pẹ̀lú ìrẹsì, kò sì mọ̀ bóyá ọ̀rẹ́ ni tàbí ẹni tí yóò lọ sọ. Kò mọ ibi tí ogun gbogbogbòò dé, kò sì ṣe bí ẹni pé òun mọ̀ ọ́n. Níhìn-ín ni ọmọ ogun lásán ti gba àyè tí Johnson kò fún Kúkọ̀mí. Bí a bá fi ojú-ewé méjì ti Fádóyèbọ̀ wé ogún ojú-ewé ìjà nínú Johnson, a ó mọ̀ pé ogun tí a fi ojú balógun wò àti ogun tí a fi ojú olùgbọgbẹ́ wò kì í ṣe ogun kan náà, bí ọjọ́ àti ibi tilẹ̀ jẹ́ ọ̀kan.

Àléébù kan wà, kì í sì í ṣe ti òǹkọ̀wé nìkan. Gẹ̀ẹ́sì ni a fi tẹ ìwé náà. Ẹ wo àkọlé rẹ̀ nìkan. Ọ̀rọ̀ tí ó lò níbẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì lè fi í sọ ti ẹni tí ó ta tẹ́tẹ́ tí ó jẹ, lè fi í sọ ti ẹni tí ọta ìbọn fò kọjá létí rẹ̀. Yorùbá kò ní gbà bẹ́ẹ̀. Bí bàbá náà bá jókòó ní àgbàlá rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, tí àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ sì yí i ká, kí ni ì bá pè é? Ṣé orí rẹ̀ ni ó gbà á? Ṣé àánú Olúwa ni? Ṣé àdúrà ìyá rẹ̀ nílé ni, ìyá tí kò mọ̀ bóyá ọmọ òun wà láàyè? Tàbí yóò wí pé kádàrá ni, pé ọjọ́ kò tíì pé? Olúkúlùkù nínú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ní ẹ̀sìn tirẹ̀ nínú, ní ilé tí a ti tọ́ ọmọ náà dàgbà nínú, ní ohun tí ó rò nípa ẹni tí ó gbà á là. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó mú láti inú èdè mìíràn, ó sì bo gbogbo wọn mọ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ó fi gbé àárín wa lẹ́yìn tí ó padà dé. Àwọn tí ó wá a lọ láti gbọ́ ọ, òkè òkun ni púpọ̀ nínú wọn ti wá. A kò bá wọn jà. A dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ojú ni ó ń tì wá.

Ó sì yẹ kí ojú tì wá, nítorí pé a mọ ẹ̀bi tiwa. Ní ìjọ àkọ́kọ́ tí a ti ṣiṣẹ́, bàbá kan wà tí ó lọ sí Bọ́mà. Ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi Ìrántí àwọn ọmọ ogun ni ó máa ń wá pẹ̀lú àmì ẹ̀yẹ rẹ̀ ní àyà, yóò tò dúró ṣánṣán, lẹ́yìn ìsìn yóò sì wá kí wa. Ọ̀dọ́ ni wá nígbà náà, a sì gọ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo tí a bi í rí ni pé ará Japáànì mélòó ni ó pa. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Àlùfáà, ẹ jẹ́ kí á lọ jẹun, ilẹ̀ ti mọ́ tipẹ́.” A rò pé ìrẹ̀lẹ̀ ni. Ọdún mẹ́ta ni a fi ń wí fún ara wa pé a ó wá àkókò lọ bá a. Nígbà tí a sin ín, ìlà kan péré ni ó wà nínú ìwé ètò ìsìnkú pé ó jagun ní Bọ́mà. Àwọn ọmọ rẹ̀ bi wá bóyá ó sọ nǹkan kan fún wa. A kò ní ohun kan tí a lè fún wọn.

Àwọn ará Bọ́mà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá. Àwọn tí ó kù fún wa nísinsìnyí ni àwọn tí ó ja ogun abẹ́lé, láti oṣù July 1967 títí di oṣù January 1970. Ẹni tí ó jẹ́ ọmọ ogún ọdún nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ ti dé ìwọ̀n ẹni ọgọ́rin ọdún. Ogun náà pẹ̀lú ti bí orúkọ tirẹ̀ ní ẹnu àwọn ènìyàn. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ wa a máa kígbe pé “Ó le kú, ìjà Orè!” bí eré bọ́ọ̀lù bá gbóná, ẹ bi wọ́n léèrè, ẹ ó rí i pé púpọ̀ nínú wọn kò mọ̀ pé ìjà kan wà ní Orè ní ọdún 1967, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Biafra ti kọjá odò Ọya tí wọ́n sì ń bọ̀ ní ọ̀nà Èkó. Mugbámugbá, Kírìjì, ìjà Orè: ẹnu kan náà ni ó ń sọ wọ́n lórúkọ. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ lè béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ yín ta ni nínú ìdílé wọn ni ó lọ. Ẹ ó ya ẹnu yín.

Nítorí ẹ̀bi àkọ́kọ́ yẹn ni a ṣe lọ bá bàbá mìíràn, ọmọ ìjọ wa, ẹni tí ó wọṣẹ́ ológun ní 1968. Ọ̀sán mẹ́rin ni a fi lọ, pẹ̀lú ìwé àkọsílẹ̀ kan àti fóònù tí ń gba ohùn sílẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní ó sọ ogun fún wa bí ìwé ìròyìn ti sọ ọ́: ọ̀gágun báyìí gba ìlú báyìí. Gbogbo rẹ̀ ni a ti mọ̀. Ní ọjọ́ kejì a rántí èso igbá inú Johnson, a sì bi í pé, “Bàbá, kí ni ẹ jẹ ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí ẹ ń sọ yìí?” Ó dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, kò sì dúró títí ilẹ̀ fi ṣú. Gààrí ni, láìsí iyọ̀. Ó sọ ti bàtà tí wọ́n fún un, ẹsẹ̀ kan tóbi, ẹsẹ̀ kejì fún un lẹ́sẹ̀. Ó ní ọmọkùnrin kan wà nínú ẹgbẹ́ wọn tí tirẹ̀ náà rí bẹ́ẹ̀, ni wọ́n bá pààrọ̀ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan fún ara wọn. Orúkọ ọmọkùnrin náà ni kò rántí. Ó dùn ún púpọ̀ pé kò rántí rẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹta a ka ohun tí a ti kọ fún un, nítorí pé ohùn wà nínú fóònù, ṣùgbọ́n ìwé ni àwa fi ń ṣiṣẹ́. A dé ibi tí a ti kọ ọ́ pé wọ́n dé abúlé kan, wọ́n sì sun ilé tí ó wà ní ẹ̀bá ọ̀nà. Bàbá náà gbé ọwọ́ sókè. Ó ní, “Àlùfáà, ẹ dárí jì mí, èmi kò sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní ilé náà jó. Ó ti ń jó kí á tó dé ibẹ̀. Àwọn tí ó ṣáájú wa ni ó mọ bí ó ti rí. Èyí tí ó ṣojú mi ni mo sọ fún yín.” A padà sínú fóònù, a sì gbọ́ ọ: ilé náà jó ni ó wí. Ọwọ́ tiwa ni ó fi iná sí ilé. Àwa tí a ti ń dá Johnson lẹ́bi láti ọdún yìí wá, ọjọ́ mẹ́ta péré ni ó gbà wá láti ṣe ohun tí a ń sọ pé ó ṣe, ní èdè Yorùbá pàápàá.

Ní ọjọ́ kẹrin ó ní kí a pa fóònù. A pa á. Ó sọ ohun kan fún wa, kò gùn, ó sì ní kí a má kọ ọ́ sílẹ̀; bí òun bá kú, a lè sọ pé ó ku ọ̀kan tí òun kò sọ. A béèrè bóyá gẹ́gẹ́ bí ìjẹ́wọ́ ni ó fi sọ ọ́. Ó ní òun kò mọ orúkọ tí òun lè pè é. A bá a gbàdúrà. Nínú ìwé àkọsílẹ̀ wa, a fi ojú-ewé kan sílẹ̀ ní òfo, a sì kọ ọjọ́ sí orí rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá ó rán ọmọ rẹ̀ sí wa pé kí a tún wá pẹ̀lú ìwé náà. Orúkọ ọmọkùnrin tí wọ́n jọ pààrọ̀ bàtà ti padà wá sí ọkàn rẹ̀.